Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ Màámi ní balùwẹ̀

Oṣù Kìíní, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀

Aago márùn-ún ìdájí ni Màámi máa ń wọ balùwẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú, oyé mú, iná ò sí, táìsì ilẹ̀ náà sì ń yọ̀. Ìyá ẹlẹ́kọ tó ń tajà lójúde ilé wa ló ṣàkíyèsí pé wọn ò yọjú wá gba ẹ̀kọ àárọ̀, ló bá wọlé lọ wò wọ́n. Aago mẹ́jọ ti kọjá nígbà yẹn. Eegun kankan ò ṣẹ́, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n wákàtí mẹ́ta gbáko ni ìyá mi, ẹni ọdún 76, fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tútù lára. Wọ́n ké títí ohùn wọn fi há. Fóònù wọn wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìwó ni wọ́n ń gbé, Ìbàdàn ni èmi wà. Títún ínfátà àti bọ́ọ̀dù tẹlifíṣọ̀n ṣe ni mo fi ń jẹun. Mo lè wá ibi tí iná ti ń jò nínú bọ́ọ̀dù rí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìyá tó bí mi sì wà nílẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, n ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn.

Mo kàwé kiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé èèyàn 684,000 ni ìṣubú ń pa lọ́dọọdún káàkiri ayé, àwọn tó lé ní ọgọ́ta ọdún ló sì ń kú jù nínú wọn. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni ìwádìí kan tí ìwé ìṣègùn BMJ tẹ̀ jáde ní 1981: nínú àwọn àgbàlagbà tó ṣubú nílé, tí wọ́n wà nílẹ̀ fún wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdajì ló kú kí oṣù mẹ́fà tó pé, títí kan àwọn tí ìṣubú náà ò ṣe léṣe. Ara tó bá tẹ ilẹ̀ pẹ́, iṣan rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èérí inú iṣan yẹn á wọnú ẹ̀jẹ̀, á sì máa da kíndìnrín láàmú. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ, òtútù ń mú un, awọ ibi tó fi lélẹ̀ á máa bó. Mo wá kọ ọ́ gàdàgbà sójú ewé kìíní ìwé iṣẹ́ mi pé: ẹnì kan gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn kí wákàtí kan tó pé. Gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, gbólóhùn yìí ni mo fi wọ̀n ọ́n.

Kí n tó ra waya kankan, mo pe bíríkìlà. Ó hú táìsì dídán náà kúrò, ó fi símẹ́ńtì tó rí gbágungbàgun díẹ̀ dípò rẹ̀, ó ri irin tí wọn yóò máa dì mú mọ́ ògiri ní apá méjèèjì. Mo so gílóòbù tó ní bátìrì nínú sí àjà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, mo bẹ̀ ẹ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ò lè di ẹnikẹ́ni mú kó má ṣubú.

Oṣù Kejì: ẹ̀rọ àfikọ́rùn

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni ẹ̀rọ kékeré kan tí wọn yóò máa fi kọ́ ọrùn. ESP32 ni ọpọlọ rẹ̀, MPU6050 ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, bátìrì fóònù kékeré ló ń gbé e. MPU6050 máa ń wọn bí nǹkan ṣe ń fò, bó ṣe ń já, àti bó ṣe ń yí. Bí ó bá wà lójú kan, g kan ló máa kọ, ìyẹn agbára tí ilẹ̀ fi ń fa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀. Bí èèyàn bá ń já bọ́, òǹkà yẹn á sọ̀ kalẹ̀ sún mọ́ òdo fún àkókò tí kò tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ara bá gbá ilẹ̀, á fò kọjá g méjì tàbí mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ara á dákẹ́, ẹ̀rọ á sì ti yí sí ìhà mìíràn. Nǹkan mẹ́rin yìí, lẹ́sẹẹsẹ bí mo ṣe kà wọ́n, ni kóòdù mi ń wá.

Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn mi kó má ṣòfò alẹ́ kan bí mo ṣe ṣe: MPU6050 máa ń sùn ni bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iná fún un, òdo nìkan ni yóò sì máa kọ. Ẹ kọ 0 sí réjísítà 0x6B, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn àyè tí à ń kọ àṣẹ sí nínú rẹ̀, kí ó lè jí. Bó bá ti jí, ±2g ló máa ń wà, ìyẹn ni pé orí gbogbo ìkọlù ńlá ni yóò máa gé. Mo kọ 0x10 sí 0x1C kó lè di ±8g, g kan wá di 4096.

Mo so ó mọ́ àpò iyanrìn, mo ń ti àpò náà lulẹ̀. Nínú ìgbà ọgbọ̀n, ó mú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Inú mi dùn, mo gbé e lọ sí Ìwó.

Lọ́jọ́ kìíní, ó pariwo lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Màámi fi orí kanlẹ̀ nínú ìrun, ó dún. Wọ́n jókòó sórí àpótí láti ṣa ẹ̀wà, ó dún. Mo jókòó tì wọ́n títí mo fi rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sí sùjúùdù, ẹ̀rọ náà á fì síwájú, á já sílẹ̀ díẹ̀, á gbá ẹní, á sì yí. Mẹ́ta ti pé nínú mẹ́rin nìyẹn, ìgbà márùn-ún lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ní ráká kọ̀ọ̀kan. Mo sọ àkókò ìdákẹ́ di ogójì ìṣẹ́jú àáyá, nítorí sùjúùdù wọn kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ariwo náà sì rọlẹ̀. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ kóòdù tí mo wò, n ò rí ọ̀kan tó fi orí kíkanlẹ̀ sọ́kàn. Àwa tí àwọn ìyá wa ń kírun la gbọ́dọ̀ ro ìyẹn fúnra wa.

Ohun tó wá fọ́ iṣẹ́ náà pátápátá rọrùn ju ìyẹn lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo pè wọ́n láti béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣe sí.

"Àjàní ọkọ mi, ó wà lórí ìṣó. Mo ń bọ́ ọ kọ́ síbẹ̀ bí mo bá fẹ́ ṣe àlùwàlá, kí omi má baà bà á jẹ́ fún ọ."

Ibi tí wọ́n ti ṣubú gan-an ni wọn kì í ti í wọ̀ ọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí wọ́n gbàgbé rẹ̀ sórí ìṣó náà títí di ìrun Iṣáì, ọjọ́ mìíràn sì wà tí iná ò dé láti fi ṣájì í. Ẹ̀bi wọn kọ́ rárá. Ní Cambridge, àwọn oníṣègùn tọ àwọn tó lé ní ẹni 90 ọdún lẹ́yìn fún ọdún kan, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2008: nínú àwọn tó ní aago tí wọ́n lè fi pe ìrànlọ́wọ́ nílé tí wọ́n sì dá ṣubú láìlè dìde, nǹkan bí ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni ò lò ó. Ohun tó bá jẹ́ pé àgbàlagbà ló gbọ́dọ̀ rántí ẹ̀, a ò lè gbára lé e.

Mo yọ ESP32 kúrò nínú ẹ̀rọ àfikọ́rùn náà. Iṣẹ́ ṣì kù fún un.

Oṣù Kẹta: rédà

Àbúrò mi tó wà ní London ní kí n fi kámẹ́rà sí balùwẹ̀. Màámi gbọ́ ọ lórí fóònù. "Ibi tí mo ti ń bọ́ra?" Kò sẹ́ni tó tún sọ ọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi náà ló sọ ohun kan tó wúlò púpọ̀: ó ní ilé ìyàgbẹ́ àwọn aláàbọ̀ ara lọ́dọ̀ àwọn máa ń ní okùn pupa tó gùn tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, kí ẹni tó bá wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lè fà á. Mo so irú rẹ̀ kọ́ lọ́jọ́ kejì, òrùka rẹ̀ wà ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá sílẹ̀. Ẹni tó bá fà á, ìpè á lọ lójú ẹsẹ̀.

Fún ẹni tí ò bá lè fa okùn, mo ra rédà kékeré kan lọ́jà Aláàbà, HLK-LD2410. Ìgbì rédíò 24 GHz ló ń tàn síta, ó sì ń gbọ́ èyí tó bá padà. Èèyàn tó bá dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ ṣì ń mí, àyà rẹ̀ ń gbéra, rédà sì ń rí ìyẹn. Kò ya àwòrán kankan, òkùnkùn ò sì kàn án. Ó pín iwájú rẹ̀ sí ìpele, láti orí ìpele 0 ló ti ń kà á, ìpele kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75. Bí a bá fi í sí ipò tí wọ́n ń pè ní engineering mode, á máa sọ agbára ohun tó ń rìn àti agbára ohun tó dúró ní ìpele kọ̀ọ̀kan, láti òdo dé ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn nìyí. Gbogbo èèyàn ló ń gbé e kọ́ ara ògiri. Mo gbé tèmi sí àjà, mo kọjú rẹ̀ sílẹ̀. Àjà balùwẹ̀ wa ga ní mítà 2.6. Bí Màámi bá dúró, orí wọn wà ní nǹkan bíi mítà kan sí rédà, ìpele 1. Bí wọ́n bá jókòó sórí àpótí àlùwàlá, orí wọn bọ́ sí ìpele 2. Bí èèyàn bá na gbalaja sílẹ̀, ìpele 3 ni gbogbo ara rẹ̀ wà. Òfin tí mo kọ ò ju èyí lọ: bí ìpele 1 àti 2 bá dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tí ìpele 3 ṣì ní ẹ̀mí, kí ẹ̀rọ béèrè.

Mo fi òfin kejì kún un, èyí tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù. Bí rédà bá sọ pé kò sẹ́nì kankan ní balùwẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ gbà á gbọ́ àfi bí sẹ́ńsọ̀ mìíràn tí mo fi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá ti rí wọn pé wọ́n jáde. Ẹni tó wọlé tí kò jáde ṣì wà níbẹ̀, ohun yòówù kí rédà máa sọ. Òfin kẹta jẹ́ ti àkókò: mo kọ gbogbo ìgbà tí wọ́n fi ń wà ní balùwẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, èyí tó pẹ́ jù jẹ́ ìṣẹ́jú méjìlélógún, lọ́jọ́ tí wọ́n fọ orí. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo fi ṣe ààlà.

Òru kẹta tí mo gbé e kọ́, rédà ní ẹnì kan wà ní balùwẹ̀ láti aago méjì títí di mẹ́rin. Kò sẹ́nì kankan. Mo yẹ ìwé rẹ̀ wò, ìpele 0 ló ń fò sókè sódò, ìyẹn ibi tó sún mọ́ àjà pẹ́kípẹ́kí. Mo gbé àkàbà, mo gbétí sí àjà: eku. Ẹ̀yìn rédà náà ń ríran díẹ̀, àjà ike ò sì dí i. Mo la agolo mílíìkì ńlá kan, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, mo fi í sí ẹ̀yìn rédà. Irin máa ń dá ìgbì yẹn padà. Láti òru náà, kò rí eku mọ́.

Omi tó ń ṣàn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà da ìpele 3 láàmú. Ṣùgbọ́n ohun tó ń rìn ni omi jẹ́ lójú rédà, ẹni tó dùbúlẹ̀ sì jẹ́ ohun tó dúró. Kóòdù mi wá ń wo agbára ìdúró nìkan ní ìpele yẹn.

Ọ̀rọ̀ iná

Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ kọ irú ẹ̀rọ yìí nílẹ̀ wa tí ọ̀rọ̀ iná ò ní gbà yín ní ọjọ́ méjì. Mo ní sẹ́ẹ̀lì 18650 méjì tí mo yọ nínú bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣì ń gba nǹkan bíi 2,000 mAh. Mo so wọ́n pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, TP4056 ń ṣájì wọn láti ara ṣájà fóònù bí NẸ́PÀ bá mú iná wá. Rédà nìkan ń jẹ nǹkan bíi 80 mA. Lápapọ̀, gbogbo rẹ̀ lo wákàtí mẹ́rìndínlógún, ó kú. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ọjọ́ méjì gbáko ni iná ò fi dé.

Mo tún un tò. Rédà ò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ àfi bí ẹnì kan bá wọ balùwẹ̀. AM312, sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń mọ ooru ara, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò jẹ iná rárá ká tó sọ pé ó jẹ ẹ́. Bí ó bá rí èèyàn, á jí ESP32, ESP32 á gbé iná fún rédà. Mo hú iná pupa orí bọ́ọ̀dù náà dànù nítorí ó ń jẹun lásán. Mo fà á kúrò lára ṣájà láti dán an wò, ó lo ọjọ́ mẹ́fà, mo sì tún rí i pé ó ṣì ní agbára, mo dá ìdánwò náà dúró.

Àṣìṣe tó wà nínú ètò yìí fara hàn ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an. AM312 máa ń mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ooru ara àti ti ògiri ni. Lábẹ́ páànù, ní oṣù Kẹta, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gbóná dé 37, ìyàtọ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Màámi kọjá níwájú rẹ̀, kò mọ̀. Mo fi swíìṣì onímágnẹ́ẹ̀tì sí ilẹ̀kùn kún un. Ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ṣí, tàbí ooru tí sẹ́ńsọ̀ bá rí, èyíkéyìí tó bá ṣáájú ni yóò jí i.

Oṣù Kẹrin: ta ni kí ó pè?

Mo ti lo oṣù méjì lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe mọ̀, n ò tíì ro bí yóò ṣe sọ fún èèyàn jinlẹ̀. Nọ́ńbà mi ni mo kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo dán an wò, mo jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn, fóònù mi dún, mo sì rí i kedere pé asán ni. Kí n tó dé Ìwó, wákàtí tí mo kọ sójú ewé kìíní á ti kọjá. Ìyá ẹlẹ́kọ ló wà ní ìṣísẹ̀ ogójì sí ẹnu ọ̀nà wa. Àwọn ló rí Màámi lọ́jọ́ kìíní láìsí ẹ̀rọ kankan. Mo lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé, wọ́n ní, "Ṣé ó tún yẹ kí o bẹ̀ mí ni, Àjàní?" Nọ́ńbà wọn ló wà lókè báyìí. Ọkọ ìyàwó ilé kejì ló tẹ̀ lé wọn, èmi ni ìkẹta.

SIM800L ni mo fi ń pè, ó ń lo 2G, 2G sì dára níbẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń kú tí ó bá fẹ́ pè: ó máa ń fa iná tó tó 2A lójijì, waya tín-ínrín tí mo fi so ó ò lè gbé e. Waya tó nípọn tó sì kúrú, àti kápásítọ̀ 1000 µF lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, ló tán ìṣòro náà.

Ìyá ẹlẹ́kọ kì í ka tẹ́ẹ̀sì. Èmi tó ń kà á pàápàá, SMS tó bá ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ ò gbà ju lẹ́tà 70 lọ, èyí tí ò bá ní in ló ń gba 160. Nítorí náà ohùn ni mo lò. DFPlayer kékeré kan ló ń ka ohùn mi sínú fóònù náà: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà wo Màámi ní balùwẹ̀." Nígbà ìdánwò kìíní, wọ́n gbé ìpè, wọ́n gbọ́ ohùn mi, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi: ṣé dáadáa ni, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́. Wọ́n ń dúró kí n dáhùn, wọn ò sì dìde. Ohùn tí mo tún gbà sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ̀rọ ilé Màámi ló ń pè yín, kì í ṣe Àjàní. Ẹ dìde báyìí." Ó ń tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ìpè tó lọ, ẹ̀rọ máa ń kọ́kọ́ béèrè ní balùwẹ̀. Ẹ̀rọ aláriwo tí mo fi síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ dẹ́rù ba Màámi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bẹ̀rù pé òun gan-an ló máa gbé wọn ṣubú. Ohùn ọmọ mi obìnrin ló wà níbẹ̀ báyìí: "Màmá àgbà, ṣé àlàáfíà ni?" Bí wọ́n bá dìde, ìpele 1 á jí, ọ̀rọ̀ tán. Bí ìṣẹ́jú méjì bá kọjá, ó ń pè.

Láràárọ̀, aago méje, ẹ̀rọ náà máa ń fílááṣì mi. Bí kò bá fílááṣì, mo mọ̀ pé ohun kan ti ṣe é, bóyá bátìrì, bóyá káàdì ló tán lórí síìmù. Mo rò pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀rọ tó ń dákẹ́ nígbà tó bá bàjẹ́ sí ilé ìyá rẹ̀.

Ìdánwò ìkẹyìn, àti ohun tó kù

Àpò iyanrìn kì í mí, kò wúlò fún rédà. Èmi fúnra mi ni mo dùbúlẹ̀ sórí símẹ́ńtì tútù náà, nígbà ogún: lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ní ẹ̀yìn, pẹ̀lú orí lára ògiri, pẹ̀lú aṣọ tútù lórí mi. Ó mú méjìdínlógún. Méjì tí kò mú, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ṣubú, ìdajì ara mi nínú, ìdajì lóde. Rédà ò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹsẹ̀ mi, sẹ́ńsọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì rí orí mi, ó gbà pé mo ti jáde. Mo yí kóòdù náà: ẹni tó bá jáde gbọ́dọ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá kí a tó kà á sí ẹni tó jáde. Fún ìyẹn, mo nílò AM312 kejì ní ìsàlẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé e kọ́ síbẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀, mo wo aago. Ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀rọ béèrè. Ìṣẹ́jú méje, ó pè. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ó lé díẹ̀, ìyá ẹlẹ́kọ wọlé, ewé ẹ̀kọ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, èémí wọn ń já lulẹ̀. Mo ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ìdánwò la fẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní àwọn rántí, ṣùgbọ́n bí àwọn ṣe gbọ́ "ẹ dìde báyìí," ẹsẹ̀ àwọn ò dúró gbọ́ ìyókù.